Lẹ́tà sí Fọlákẹ́, láti Bahia

Salvador, Bahia
13 Oṣù Kẹsàn-án

Fọlákẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ pé Táyé ti ń rìn, Kẹ́hìndé sì jókòó, ó ń wò ó níran. Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kọjá èyí tí mo lè fi ohùn sọ fún ọ lórí WhatsApp nígbà tí o bá ń fún ọmọ lọ́mú, ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Màmá mi kò gbé fóònù mi mọ́.

Ẹnì kan ló mú fídíò ijó tí mo gbé sórí Instagram, ó gé e kúrú, ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n gbàdúrà fún ọmọ Ìyá Bùsọ́lá, ó ti ń bọ Ọya ní Brazil. O mọ ẹni tí mo ń sọ. Ẹni tó dá wàhálà sílẹ̀ nígbà ìgbéyàwó rẹ náà ni. Ká ní òrìṣà mìíràn ni wọ́n dárúkọ, bóyá ìbá rọrùn. Ọya, Fọlákẹ́! Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú Màmá rí níbi ìsìnkú Màmá Ọ̀yọ́, ìyá tó bí wọn. Nínú gbogbo ọ̀rẹ́ mi, ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí ọ, tí mi ò kọ ọ́ sí Bùọ̀dá Wálé.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń ṣe gan-an. Ní Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ní Salvador níbí, ni a ti ń kọ́ ọ, ní yàrá òkè kan tí fèrèsé rẹ̀ ga. Olùkọ́ wa jẹ́ ìyá àgbà kan tó kọ́ ijó lọ́dọ̀ Mestre King, ìyẹn Raimundo Bispo dos Santos, ọkùnrin àkọ́kọ́ tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ijó ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Bahia, lọ́dún 1972. Ó kú ní 2018, àmọ́ àìmọye oníjó ìlú yìí ló gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Yanvalou ni a fi ń bẹ̀rẹ̀: ẹsẹ̀ lásán, orúnkún rọ̀, ẹ̀yìn á máa rú láti ìdí dé ọrùn. Katherine Dunham, oníjó ọmọ Amẹ́ríkà, ló lọ kọ́ ọ ní Haiti ní 1935 sí 1936, níbi tí wọ́n ti ń jó o fún Damballa, òrìṣà ejò tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Dahomey gbé dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, orí á dá jó, èjìká á dá jó, àyà á dá jó, ìbàdí náà á dá jó. Ìwọ tí wọ́n máa ń pariwo èjìká mọ́ ní Pit Theatre, wàá mọ̀ ọ́n jó ju gbogbo wa lọ.

Ìgbà yẹn ni ìlù á wá wọlé: rum tó jẹ́ ìyá, rumpi, lé, pẹ̀lú agogo. Wọ́n á lu alujá fún Ṣàngó, ijexá fún Ọ̀ṣun, opanijé fún Ọmọlú. Bó bá kan Ọya, ìlù á yára, a ó fi ọwọ́ méjèèjì máa lé afẹ́fẹ́ níwájú, ẹni tó ṣíwájú á di ìrùkẹ̀rẹ̀ mú. Ibẹ̀ ni ẹni yẹn gé jáde.

Bí a bá ń na ẹsẹ̀ nílẹ̀ ni olùkọ́ wa máa ń pìtàn, èyí tó sì ń pa jù ni ti Mercedes Baptista. Ọdún 1921 ni wọ́n bí i. Ní 1948 ó yege ìdánwò, ó di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ oníjó Theatro Municipal ní Rio. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ fún un ní ijó jó. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, wọn kì í rí i lórí ìtàgé. Ní 1950, Dunham kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ wá sí Brazil. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní São Paulo kọ̀ láti gbà á nítorí àwọ̀ rẹ̀, ariwo ọ̀rọ̀ náà sì pọ̀ débi pé ní 1951 wọ́n ṣe òfin tó fi ìyà sí irú ìwà bẹ́ẹ̀. Dunham yìí náà ló mú Mercedes lọ kọ́ ijó ní New York. Mercedes tún lọ wo bí wọ́n ṣe ń jó ní ilé àṣẹ, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà, ti bàbálórìṣà Joãozinho da Goméia, ó fara balẹ̀ wo ẹsẹ̀, ó wo ọwọ́, ó sọ ọ́ di ìlànà tí ẹnikẹ́ni lè kọ́, ó sì dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1953. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ní kí àwọn ìyá gbàdúrà lé lórí yẹn, ọwọ́ irú obìnrin báyìí ló ti bọ́ sí tiwa.

Olùkọ́ wa kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣeré. Ìlù ilé àṣẹ, wọ́n ń bọ ọ́. Tiwa tó wà ní yàrá ijó, wọn kò bọ ọ́ rí. Lọ́jọ́ kan tí ara ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó dá ìlù dúró lójú ẹsẹ̀, ó fún un lómi, ó jókòó tì í títí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Ó ní ohun tó bá jẹ́ ti ilé àṣẹ, kó wà ní ilé àṣẹ.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún ọ. Kì í ṣe eré ìdárayá lásán. Bí mo bá ti na ọwọ́ síwájú báyẹn, Màmá Ọ̀yọ́ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, omi á sì gba ojú mi. Mi ò kúrò nínú ìgbàgbọ́, mo ṣì ń lọ sí ìsìn. O ti rí Màmá náà lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ọdún, nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, tí ìlù bá dún tí èjìká wọn bá gbà á. Mi ò sọ pé ọ̀kan náà ni. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń jó fún. Àmọ́ èjìká yẹn, ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n ti rí i.

Ní ti ìròyìn yòókù: wọ́n fi kún owó ilé, fíìsà mi ti jáde, wọ́n ti yọ eyín tó ń dà mí láàmú, àkàrà ibí sì ń ta sánsán, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n á la àárín rẹ̀ fi edé sí i. Sọ fún ọkọ rẹ pé mi ò tíì rí ará Brazil fẹ́, kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Fọlákẹ́, 20 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ ìrántí Zumbi, aṣáájú àwọn adúláwọ̀ tó bá ìkónilẹ́rú jà ní Brazil, ni a máa jó níta, èmi ni mo sì máa ṣíwájú nínú ti Ọya. Mo fẹ́ kí o bá mi lọ sọ́dọ̀ Màmá kó tó dìgbà náà. Lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, nígbà tí kò sí èrò lọ́dọ̀ wọn. Má tètè yọ fóònù. Má bá wọn jiyàn. Jẹ́ kí wọ́n sọ tinú wọn tán, bí wọ́n bá sunkún, jẹ́ kí wọ́n sun ún. Lẹ́yìn náà, fi fídíò náà hàn wọ́n lódindi, èyí tí mo máa fi ránṣẹ́ sí ọ. Bí ojú wọn bá rọ̀, béèrè àlàárì Màmá Ọ̀yọ́ tó wà nínú àpótí, èyí tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn láti ọjọ́ ìsìnkú. Aṣọ pupa pọ̀ níbí, mo lè rà á. Èyí tó jẹ́ tiwọn ni mo fẹ́, bí wọ́n bá lè fi tìfẹ́tìfẹ́ fún mi. Bí wọ́n bá ní rárá, dúpẹ́, jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún ọ, kí o máa lọ ilé.

Àbúrò Kúnlé ń bọ̀ sí São Paulo níparí oṣù tó ń bọ̀, ó ti gbà láti bá mi gbé ẹrù. Ohun yòówù tí Màmá bá sọ, kọ ọ́ sí mi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Má bá mi dín in kù.

Tìrẹ ni mo jẹ́ títí,
Bùsọ́lá