Kòtò Ojú Títì àti Owó Gbà-Má-Bínú

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹni tí kòtò ojú títì bá ba táyà tàbí ríìmù ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ lè béèrè owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ tó ni ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ló ń gbà á, kì í ṣe ariwo: àwòrán kòtò náà (ẹ má dúró sáàrin títì yà á o), ọjọ́ àti aago, pẹ̀lú rìsíìtì mẹkáníìkì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abala 58 òfin ojú pópó ti ọdún 1980 fún àwọn aláṣẹ láyè láti jàre bí wọ́n bá fi hàn pé àwọn bójú tó ọ̀nà náà bó ti yẹ. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ pé ẹnìkan ti fi ẹjọ́ kòtò náà sùn wọ́n ṣáájú wúlò púpọ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa gbé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ síta láìjẹ́ pé a bẹ̀ wọ́n.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Awakọ̀ kan