Ẹ Bi Bátìrì Kí Ẹ Tó Ra Pánẹ́ẹ̀lì Kún Pánẹ́ẹ̀lì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi gbé bírò. Ó ní òun gbé pánẹ́ẹ̀lì sólà wáàtì 100 sórí káráfáànù òun, ilé onítáyà tí ọkọ̀ ń fà kiri, bátìrì tuntun lòun so mọ́ ọn, síbẹ̀ kò tíì tó aago mẹ́wàá alẹ́ tí gílóòbù fi ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn. Ó ti pinnu pé òun á ra pánẹ́ẹ̀lì méjì sí i. Mo kà á tán, mo rẹ́rìn-ín, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, torí èmi náà ti ná irú owó yẹn, pàbó ló já sí.

Iṣẹ́ rewáyà ni mo fi ọdún 31 ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Bátìrì mọ́tò tó ti gba ọwọ́ mi kọjá kò lóǹkà. Ásíìdì ti lu ṣòkòtò mi ní ihò débi pé ìyàwó mi kì í bá mi ra tuntun mọ́. Ọjọ́ tí àwa méjèèjì ra káráfáànù tiwa, mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ iná inú rẹ̀ kò ní í la ti ẹlòmíì lọ. Bátìrì méjì ni mo pa kí ojú mi tó là.

Èyí àkọ́kọ́ kò lò ju oṣù mẹ́rin lọ. Bátìrì mọ́tò lásán ni mo gbé síbẹ̀, torí ó ṣì dára lójú mi. Ó yẹ kí n mọ̀, èmi tí mo ti tú irú rẹ̀ palẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Awo òjé inú bátìrì tó ń ta ẹ́ńjìnnì jí tín-ín-rín, ó sì pọ̀, kó lè tú iná rẹpẹtẹ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti jí báyìí, á dá a padà fún un. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tí ń jẹ́ ebi. Bátìrì inú ilé, èyí tí wọ́n ń kọ leisure tàbí deep cycle sí lára, awo tirẹ̀ nípọn, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yọ iná sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èmi mú sáré-sáré, mo ní kó ru ẹrù rìnrìn àjò.

Ìkejì ló dùn mí jù. Ojúlówó ni, áńpù-wákàtí 110, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú. Ẹni tó tà á fún mi ní kò nílò ìtọ́jú kankan. Mo lẹ pánẹ́ẹ̀lì mọ́ òrùlé pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tẹlifíṣọ̀n, mo so kọ̀ntúróólà, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti pánẹ́ẹ̀lì wọ inú bátìrì, mo gbé káráfáànù sábẹ́ igi kí ara lè tù wá, mo bá jókòó. Lójoojúmọ́, bó bá di ọ̀sán, màá gbé mítà lé bátìrì, màá rí fóòtì 13.2 (fóòtì ni ìwọ̀n agbára tó ń ti iná), inú mi á dùn. Ó ti kún nìyẹn, lójú tèmi.

Kò kún rárá. Ìbéèrè tí kò tọ́ ni mo ń bi mítà. Nígbà tí oòrùn bá ń ti iná wọ inú bátìrì lọ́wọ́, bó ṣe ń tì í ni mítà ń kà, kì í ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀. Àfi kéèyàn yọ pánẹ́ẹ̀lì kúrò, kó pa gbogbo iná, kó jẹ́ kí bátìrì sinmi fún wákàtí mélòó kan, tàbí kó sùn mọ́jú, kó tó wọ̀n ọ́n. Bátìrì olójé tó kún á wà ní nǹkan bíi 12.7. Bó bá jẹ́ 12.2, ìdajì ti lọ. Bó bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 12, ẹ ti jẹ gbèsè nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ronú wọ̀n ọ́n kí oòrùn tó yọ, 11.9 ni mo rí. Mo nu ẹnu wáyà mítà, mo tún un wọ̀n. 11.9.

Ẹ wò ó, láti ọdún 1859 tí Gaston Planté ará Faransé ti ṣe bátìrì olójé, ìwà rẹ̀ kò tíì yí padà. Bó bá ń yọ iná sílẹ̀, sọ́fétì, ohun tí òjé àti ásíìdì pa pọ̀ dì, á máa hù sára àwọn awo inú rẹ̀. Bí ẹ bá tètè dá iná padà, sọ́fétì yẹn á yòrò. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ láìkún fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, á gan bí èépá, ibi tó bá sì gan sí kò ní í gba iná mọ́. Torí náà, bátìrì mi kò kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lójoojúmọ́ tí mo ń rí 13.2 tí mo ń rẹ́rìn-ín, ó ń kú lọ.

Ó pé oṣù mẹ́sàn-án, a sinmi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó mi fọwọ́ tọ́ mi. “Bàbá, kí ló ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ yìí?” Abẹ́ àga gígùn tí a sùn lé ni bátìrì wà. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbóná bí ife tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi gbígbóná sí. A ṣí ilẹ̀kùn, a ṣí fèrèsé, mo gun àkàbà, mo ju aṣọ ìbora bo pánẹ́ẹ̀lì kí iná lè dúró kí n tó tú wáyà kankan. Gáàsì tí bátìrì ń yọ bó bá ń hó báyìí lè gbiná, iná tó ta pàrà lẹ́ẹ̀kan péré ló ń wá. Ibi tí bátìrì bá wà nínú káráfáànù gbọ́dọ̀ ní ojú afẹ́fẹ́ tó jáde síta. Tèmi ní in o, àpò aṣọ la fi dí i.

Nígbà tí mo ra ìkẹta ni mo tó bi ara mi léèrè pé kí ló dé tí èkejì kò fi kún láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbé káráfáànù kúrò lábẹ́ igi. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀, oòrùn ń ràn, mo wà lórí àkàbà, ìyàwó mi wà nínú ilé níwájú kọ̀ntúróólà, ó ń ka áńpù fún mi láti ojú fèrèsé.

“Márùn-ún ó lé díẹ̀.”

Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹyọ ojú kan péré lára pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ègé kéékèèké tó ń sọ oòrùn di iná, mo bò ó dáadáa.

“Ó ti lọ!”

“Ó lọ síbo?”

“Kò pé ọ̀kan mọ́.”

Mo gbé ọwọ́ kúrò. “Márùn-ún.” Mo tún gbé e lé e. A ṣe é títí ó fi di eré lọ́wọ́ wa, àwa àgbàlagbà méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n díẹ̀, torí mo rántí òpó tẹlifíṣọ̀n tó ń fi òjìji rẹ̀ gba orí pánẹ́ẹ̀lì yẹn kọjá látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo sì rántí igi.

Bó ṣe rí nìyí. Ojú 36 ló wà lára irú pánẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, wọ́n so wọ́n tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn kan. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìdajì fóòtì lọ. Gbogbo wọn lápapọ̀ ló di 18 nínú oòrùn. Bí ẹyọ kan bá wà nínú òkùnkùn, ó ti dí ọ̀nà fún ìyókù. Wọ́n fi dáódì, méjì ló sábà máa ń jẹ́, sínú àpótí kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ kí iná lè yẹ ibi tó dí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìlàjì odindi ni dáódì kan ń fò. Ìlàjì tó kù kò ní ju fóòtì 9 tàbí 10 lọ, fóòtì 10 kò sì lè ti nǹkan kan wọ inú bátìrì tó ti ní 12 tẹ́lẹ̀. Bí òǹkọ̀wé yẹn bá wá gbé pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta sábẹ́ igi kan náà ńkọ́? Igi kan náà ni yóò bo gbogbo wọn.

Ìṣirò ló kàn, ẹ má bínú. Pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 100 kì í fúnni ní 100 látàárọ̀ dalẹ́. Bí oòrùn ọjọ́ kan bá tó wákàtí mẹ́rin tó ràn gan-an, 400 nìyẹn. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ fún títẹ́ pẹrẹsẹ, ooru àti wáyà, ó ku 300. Ẹ pín in sí 12, áńpù-wákàtí 25 ló wọlé. Èwo ló ń jáde? Nílé tiwa, gílóòbù LED mẹ́rin, wáàtì mẹ́ta mẹ́ta, fún wákàtí mẹ́rin: 4. Pọ́ǹpù omi, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lápapọ̀: 1. Fáànù wáàtì 18, wákàtí mẹ́jọ: 12. Fóònù méjì: 2 àti ààbọ̀. Tẹlifíṣọ̀n wáàtì 30, wákàtí mẹ́ta: 7 àti ààbọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 27. À ń fi méjì jẹ gbèsè lójoojúmọ́, láìtíì ka ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú, a ò sì rí ohun kan tí a fi ń ṣe fàájì. Tẹlifíṣọ̀n la dín kù. Fáànù kọ́, kí ẹnikẹ́ni má dábàá ìyẹn níwájú ìyàwó mi.

Mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé yẹn lọ wo fíríìjì rẹ̀ pẹ̀lú. Fíríìjì tó ń lo gáàsì tó tún ń lo iná, bó bá wà lórí fóòtì 12, á máa mu nǹkan bí áńpù 10. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń fà wá ló yẹ kó máa bọ́ ọ lójú ọ̀nà. Bí a bá ti gúnlẹ̀, orí gáàsì ló yẹ kó padà sí. Kò sí bátìrì káráfáànù tó lè bọ́ irú ẹnu bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Kẹ́túlù wáàtì 2,000 lórí ínfátà ńkọ́? Ó ju áńpù 160 lọ, mi ò sì fẹ́ máa ròyìn bí ẹnu wáyà ṣe rí lọ́jọ́ tí mo dán an wò.

Ohun kan wà tí mi ò tètè gbà gbọ́. Bátìrì olójé máa ń gba iná kánkán títí tó fi kún dé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, èyí tó kù ló máa ń lọ́ra. Bí èrò ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì ni: àwọn àkọ́kọ́ á rọ́ wọlé, àwọn ìkẹyìn á máa fún ara wọn mọ́ra. Kọ̀ntúróólà á di fóòtì mú ní nǹkan bíi 14.4, áńpù á máa dín kù fún ọ̀pọ̀ wákàtí, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí bíi 13.6. Àwọn wákàtí tó lọ́ra wọ̀nyẹn ló ń fọ sọ́fétì kúrò. Oòrùn sì lè wọ̀ kí ó tó parí. Nítorí èyí ni mi ò fi sọ pé pánẹ́ẹ̀lì ńlá burú. Ẹni tí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá tóbi á tètè dé ibi tó ń lọ́ra yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ná ju ohun tó ń wọlé lọ, tàbí tó gúnlẹ̀ sábẹ́ òjìji, kò ní í dé ibẹ̀ láéláé.

Ìyókù kò pọ̀. Bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ so mọ́ kọ̀ntúróólà, pánẹ́ẹ̀lì ló máa ń kẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá ń tú u, pánẹ́ẹ̀lì ni àkọ́kọ́. Kí fíúsì wà nítòsí orí bátìrì. Wáyà tó nípọn ni kẹ́ ẹ lò, tín-ín-rín á jẹ fóòtì yín lójú ọ̀nà. Ẹ má lẹ pánẹ́ẹ̀lì mọ́ òrùlé típẹ́típẹ́ bíi tèmi. Ẹ fi àlàfo díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, torí bó bá ṣe ń gbóná sí i ni wáàtì rẹ̀ ń dín. Nínú oríṣi kọ̀ntúróólà méjì tí ẹ ó rí lọ́jà, MPPT sàn ju PWM lọ, torí ó ń sọ fóòtì tó ṣẹ́kù di áńpù, nígbà tí PWM ń fi í ṣòfò. Ní ti bátìrì lítíọ̀mù, ó fúyẹ́, a sì lè ná a jìnnà ju ti olójé lọ, ṣùgbọ́n ẹ má fún un níná nígbà tí òtútù bá ti bọ́ sísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, kẹ́ ẹ sì wò bóyá kọ̀ntúróólà yín mọ bí wọ́n ṣe ń fún lítíọ̀mù níná.

Ohun tí a wá ṣe lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ kò le. A gé òpó tẹlifíṣọ̀n kúrú. A ra pánẹ́ẹ̀lì kejì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irú èyí tó ń ká bí ìwé ni, wáyà rẹ̀ gùn tó mítà márùn-ún. Káráfáànù ń gba òjìji lábẹ́ igi, pánẹ́ẹ̀lì wà lórí koríko nínú oòrùn. Bí oòrùn bá yí, ẹni tó bá wà nítòsí á fẹsẹ̀ tì í díẹ̀.

Ẹ bá mi bẹ òǹkọ̀wé yẹn pé kó wọ̀n bátìrì rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kí oòrùn tó yọ, kó fi iye tó bá rí ránṣẹ́ sí yín kó tó náwó. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, bí ẹ bá tún kọ̀wé lórí sólà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ wáàtì nìkan, ẹ kọ áńpù-wákàtí tì í. Bátìrì ìkẹta ti ń lọ sí ọdún karùn-ún báyìí. 12.7 ni mo kà lára rẹ̀ kí n tó jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín,
Rewáyà tó ti fẹ̀yìn tì