Àyìnkẹ́, má tíì kúrò ní Paris

Àyìnkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Òtútù ibẹ̀ yẹn ńkọ́? Gbogbo ilé ń kí ọ, Màmá ní o kò pe àwọn láti ìgbà ọdún. Mo ti jíṣẹ́ o.

O bi mí pé kí ni àwọn mọ́ńkì Íjíbítì ayé àtijọ́, àwọn tó fi ayé sílẹ̀ láti máa sin Ọlọ́run, ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń lọ́ okùn, wọ́n ń fi imọ̀ ọ̀pẹ hun apẹ̀rẹ̀, wọ́n ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni òfófó wà.

Shenoute ni mò ń sọ, mọ́ńkì tó jẹ́ ọ̀gá Ilé Funfun, ilé àwọn mọ́ńkì nítòsí Sohag ní Íjíbítì, tó kú ní nǹkan bí ọdún 465. Ilé mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ti obìnrin. Lẹ́tà ló fi ń darí àwọn obìnrin náà, á sì rán àgbà ọkùnrin kan sí wọn. Nínú lẹ́tà kan, ó to orúkọ àwọn tó ṣẹ̀, ó kọ iye ẹgba ẹnì kọ̀ọ̀kan sí i: èyí jalè, èyí purọ́, èyí ń sáré tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kiri. Ti ẹnìkan tó 40! Wọ́n á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìyá àgbà ilé àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Tahom á dì wọ́n mú, ọkùnrin náà á wá fi ọ̀pá lù wọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyá ilé fúnra rẹ̀ ló ń dini mú o! Ojú wo ni wọ́n wá fi ń wo ara wọn nídìí oúnjẹ? Ìwọ tó ń dá olùkọ́ ìṣirò lóhùn, ẹsẹ̀ rẹ ì bá ti wú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń dùn gan-an nínú àwọn lẹ́tà yìí ni ewé ìwé á já. Wọ́n ti fa àwọn ìwé ilé náà ya, wọ́n tà wọ́n léwé-léwé: èyí tí Kádínà Borgia kó jọ wà ní Naples àti Róòmù, èyí tí Maspero, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, rí gbà dé Paris lẹ́yìn 1880. Ìwé kan ṣoṣo lè wà ní ìlú márùn-ún.

Bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀ nìyí. Lẹ́tà ábídí ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà sí igun òkè ojú ìwé. Bí igun bá ti ya, wo nọ́ńbà ìdì, ìyẹn àwọn ewé tí a rán pọ̀: awọ ẹran ni wọ́n fi ṣe ìwé náà, awọ mẹ́rin tí a ṣẹ́ po ló sábà máa ń wà nínú ìdì kan, ewé mẹ́jọ, ojú ìwé 16 nìyẹn, nítorí náà ìdì karùn-ún á bẹ̀rẹ̀ ní 65. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tó ti sú a máa fo nọ́ńbà, ìdì mìíràn kì í sì í pé awọ mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Wọn kì í fi àyè sáàárín ọ̀rọ̀, wọ́n sì máa ń gé e sí méjì: bí ewé kan bá parí sí “mona”, tí òmíràn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “khos”, monakhos ti dé, mọ́ńkì wa nìyẹn. Wo awọ náà pẹ̀lú. Ibi tí irun ti hù máa ń pọ́n díẹ̀, ó ní ojú irun tó-tò-tó. Ibi tó wà lọ́dọ̀ ẹran ló funfun. Bí ìwé bá wà ní ṣíṣí, irun ló ń kọjú sí irun.

Ṣé o ti mọ ibi tí mò ń lọ? Àwòrán ewé tó wà lọ́wọ́ mi gé igun òkè kúrò. Kí o tó wálé, jọ̀wọ́, lọ sí Bibliothèque nationale, ilé ìkàwé ìjọba Faransé, béèrè Copte 130, àkójọ ewé ìwé Shenoute ní èdè Kọ́pútì. Màá fi nọ́ńbà ewé ránṣẹ́ lórí fóònù. Wo igun yẹn, wọn fífẹ̀ òpó ọ̀rọ̀ méjèèjì, da ìlà tó kẹ́yìn kọ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, má tún un ṣe. Pẹ́ńsùlù ni kí o mú lọ, má mú bírò.

Màá se ẹ̀fọ́ rírò dè ọ́.

Èmi ni tìrẹ,
Bọ́lá