Ẹ jẹ́ kí ọmọ lè sọ ohun tó ń ṣe é ní kíláàsì

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025, tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ti kéde pé ìjọba àpapọ̀ wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí á máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdánwò WAEC àti JAMB ni gbogbo èèyàn ń sọ. Ọmọ kíláàsì kejì ni èmi ń kọ́. Ohun tó ń ká mi lára ni pé ta ni yóò mọ ohun tó ń ṣe ọmọ ọdún méje tí wọn kò bá jẹ́ kó sọ ọ́ lédè tó gbọ́?

Mínísítà ní ibi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò wọ̀nyí. Kí wọ́n má bínú, ìgbà wo la ṣe é dáadáa? Ní ọ̀pọ̀ iléèwé aládàáni lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá sọ Yorùbá yóò san owó ìtanràn, tàbí kí wọ́n gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn títí yóò fi rí ẹlòmíràn tí yóò gbé e fún. Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é tọkàntọkàn. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bábátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́, fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tó ń lu gbogbo ẹni tó bá jókòó tì í. Wọ́n ti nà án nílé, wọ́n ti nà án níléèwé. Lọ́jọ́ tó fa ìwé ọmọbìnrin kan ya, mo mú un lọ sábẹ́ igi máńgòrò, mo fi oríkì pè é: "Àkànní, kí ló dé?" Ilẹ̀ ló ń wò, bí ọmọ tí a kọ́ nílé ṣe máa ń ṣe tí àgbà bá ń bá a wí. N kò ní kó wo ojú mi. Ó pẹ́ kó tó dáhùn: "Àǹtí, wọ́n ní màmá mi ò ní padà wá mọ́." Ìyá rẹ̀ ti kó jáde nílé, kò sì sẹ́ni tó pe ọmọ jókòó kó ṣàlàyé fún un. Gẹ̀ẹ́sì wo ni Àkànní ìbá fi sọ ìyẹn?

Wọ́n ti ń kọ́ àwa olùkọ́ báyìí bí a ṣe lè ran ọmọ lọ́wọ́ láti mọ ohun tó ń ṣe é nínú, kó sì lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n àwòrán ojú ẹ̀rín àti ojú ẹkún tí wọ́n ní kí á lẹ̀ mọ́ ògiri, Gẹ̀ẹ́sì ló wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń kà á bí ẹni ń ka ìsọdipúpọ̀. Àlọ́ ló ṣiṣẹ́ fún èmi. Bí mo bá pa àlọ́ Ìjàpá tó da ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí a gbe orin tán, mo máa ń bi wọ́n pé báwo ló ṣe rí lára ẹni tí wọ́n dà. Kíá, ọwọ́ ti nà sókè: "Àǹtí, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe fún mi!"

Kì í ṣe gbogbo àṣà ilé ló dára o. "Dákẹ́, ọkùnrin kì í sunkún" máa ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ ọmọ nínú, àwa olùkọ́ náà sì ń sọ ọ́. Ọmọ Yorùbá nìkan kọ́ ló sì wà ní kíláàsì wa. Àwọn ọmọ Ìgbìrà àti Haúsá wà ńbẹ̀. Mo bi ìyá wọn bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn láàárọ̀, gbogbo kíláàsì sì kọ́ ọ.

Mo bẹ àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Yorùbá kí wọ́n fòfin de owó ìtanràn àti pátákó ọrùn yìí ní gbogbo iléèwé, ti ìjọba àti ti aládàáni. Kí wọ́n fún wa ní ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ yóò fi sọ bó ṣe jí àti bí ilé ṣe rí, lédè tó bá wù ú. Ẹ̀yin òbí náà, kí ẹ tó sanwó iléèwé, ẹ bi wọ́n ní ọ́fíìsì pé kí ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó bá sọ Yorùbá.

Èmi ni,
Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan,
Òṣogbo.