Wọ́n Ń Pe Èrò Wá sí Texas, Wọn Ò Palẹ̀ Mọ́ Dè Wọ́n

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Inú ló bí mi tí mo fi gbé kálàmù. Ọ̀sẹ̀ yìí ni ìwé iye ilé wa, èyí tí wọ́n fi ń ṣírò owó-orí ilé, dé, iye náà sì tún ga ju ti èṣí lọ. Bẹ́ẹ̀ ilé àná náà ni, n ò fi yàrá kan kún un. N ò tíì mí kanlẹ̀ tí ilé-ìwé àdúgbò fi ránṣẹ́ pé àyè ti kún, pé ilé-ìwé mìíràn tó jìnnà ni àbíkẹ́yìn mi yóò máa lọ. Owó ń gòkè, àyè ń dín. Ta ló wá ń jẹ owó náà?

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé pàápàá ti gbọ́ òkìkí Texas. Láàárín 2010 sí 2020, èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4 ló kún wa. Nígbà tó fi di 2022, a ti lé ní mílíọ̀nù 30. Lẹ́yìn ìkànìyàn 2020, ìjókòó 2 ni wọ́n fi kún tiwa nílé aṣojú-ṣòfin àpapọ̀. California pàdánù ẹyọ kan, irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí wọn rí. New York náà pàdánù ẹyọ kan; ká ní wọ́n ka èèyàn 89 péré sí i ni, wọn ì bá má pàdánù ẹ̀! Àwọn aláṣẹ wa ń fi gbogbo èyí yangàn. Wọ́n á lọ fa iléeṣẹ́ wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n á ní ìjọba ìpínlẹ̀ kì í gba owó-orí lórí owó oṣù níbí. Òótọ́ ni. Orí ilé ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti àjọ ilé-ìwé ti ń gba tiwọn.

Kí ni wọ́n wá ṣe fún ẹni tó dé? Wọ́n fẹ Katy Freeway, òpópónà tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Houston, títí ìlà ọkọ̀ fi di 26 láwọn ibì kan, wọ́n parí ẹ̀ ní 2008. Ẹ wá wò ó láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ń pe àlejò, wọn ò dáná.

Òfin kan ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe. Bó ṣe ń lọ báyìí ni pé ẹni tó ń kọ́ ẹ́síteètì á ri páìpù mọ́lẹ̀, wọ́n á dá àjọ omi àdúgbò kan tí gbogbo wa ń pè ní MUD sílẹ̀, àjọ yẹn á yáwó san án padà fún un, àwa tí a ra ilé á wá máa fi owó-orí san gbèsè náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ti jẹ èrè ẹ̀, ó ti kọjá sí oko ìrẹsì mìíràn. Nígbà ìjì Harvey ní 2017, omi wọ ilé àwọn tó ra ilé lẹ́yìn ìsédò Addicks àti Barker nítòsí wa, níbi tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti mọ̀ pé omi lè dé. Ọ̀pọ̀ wọn ni ẹnikẹ́ni ò sọ fún kí wọ́n tó sanwó. Nítorí náà, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ ẹ́síteètì ta ilé kan ṣoṣo títí yóò fi gbẹ́ ibi tí omi máa dúró sí, tí yóò sì fi owó kíláàsì àwọn ọmọ ẹ́síteètì náà sí báńkì. Bí ilé-ìwé ò bá ṣí lásìkò, kí wọ́n fi owó yẹn san owó-orí àwọn tó ra ilé lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ óò rí i bí yóò ṣe yára.

Kí wọ́n ṣe rélùwéè fún wa pẹ̀lú. Owó-orí ilé-ìwé tí wọ́n sì dín kù fún onílé ní 2023, ó dára, kò tó. Àlejò ṣì ń bọ̀, wọn ò tíì dáná.

Ẹ̀yin ará wa ní Chicago àti Bronx tí ẹ ń pè pé ẹ fẹ́ wá ra ilé ńlá, n ò ní kí ẹ má wá o; èmi náà, Maryland ni mo ti wá. Ẹ ṣáà bi ẹni tó ń tà á ní iye owó-orí MUD ẹ̀ àti ibi tí omi dé ní 2017 kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé.

Èmi ni tiyín,
Onílé kan ní Katy, Texas