Ìpara Kan Kò Ṣe É Fi Pa Gbogbo Ara

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ó ń kọ mí lóminú pé ìpara tí dókítà kọ fún àgbàlagbà nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń yún un ni àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń fi pa ojú, tí wọ́n sì tún ń fi pa itan ọmọ ọwọ́, bí ẹni pé awọ kan náà ló bò wá láti orí dé ẹsẹ̀.

Ìpele awọ tó wà lókè pátápátá, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti kú, ló ń dènà ohun tó bá fẹ́ wọ inú ara, òun náà ni kì í jẹ́ kí omi ara wa gbẹ. Ní ọ̀pọ̀ ibi lára wa, ó fẹ́lẹ́ débi pé tí a bá to 50 irú rẹ̀ léra, ó lè má tó mìlímítà kan, bẹ́ẹ̀ sì ni ti gìgísẹ̀ nìkan lè tó mìlímítà kan tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1967, Robert Feldmann àti Howard Maibach ní Amẹ́ríkà fi hydrocortisone, oògùn tó ń dín yúnyún àti wíwú awọ kù, pa oríṣiríṣi ibi lára àwọn ènìyàn, wọ́n sì yẹ ìtọ̀ wọn wò kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n tó wọlé. Èyí tó gba iwájú orí wọlé jẹ́ ìlọ́po 6 ti apá, ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ́ ìlọ́po 13, ti awọ kórópọ̀n sì jẹ́ ìlọ́po 42, nígbà tí ti àtẹ́lẹsẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú 7 péré.

Nínípọn nìkan kọ́ ló ń fa ìyàtọ̀ yìí. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àtẹ́lẹwọ́ nípọn ju apá lọ dáadáa, síbẹ̀ èyí tó gbà wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti apá, nítorí pé ọ̀rá tó so àwọn sẹ́ẹ̀lì pọ̀, bí sìmẹ́ǹtì ṣe ń so búlọ́ọ̀kù, kò pọ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, clobetasol, oògùn tó jọ hydrocortisone àmọ́ tó lágbára jù ú lọ dáadáa, tí àwọn kan ń pò mọ́ ìpara ìbóra, tí dókítà sì lè kọ fún àtẹ́lẹsẹ̀, lè mú kí awọ ojú fẹ́lẹ́ títí iṣan ẹ̀jẹ̀ á fi hàn síta; bó bá sì ń kan ìpéǹpéjú léraléra, ó lè ba ẹyinjú jẹ́. Ti ọmọ ọwọ́ tún burú jù, torí pé tí a bá fi wé bí ó ṣe wúwo, awọ rẹ̀ pọ̀ ju ti àgbàlagbà lọ, ìtẹ́dìí tí a sì dì mọ́ ọn á tún máa ti oògùn náà wọlé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ojú ìwé ìlera yín máa dárúkọ ibi tí ìpara kọ̀ọ̀kan wà fún lára, kí àwọn tó ń ta oògùn sì máa kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ ní Yorùbá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn