Kí ẹ tó ra ohunkóhun fún kíláàsì

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o sì kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Inú mi dùn pé físíìsì àti ìṣirò kíláàsì àgbà ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́. O ní ilé-ẹ̀kọ́ yín fẹ́ náwó lórí kọ̀ǹpútà àti àwọn nǹkan orí íntánẹ́ẹ̀tì, pé kí n sọ èyí tó dára jù. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ọ̀fẹ́ ni èyí tó wúlò jù nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe torí kí àwòrán mèremère lè máa jáde lára ògiri la ṣe ń gbé ẹ̀rọ wọ kíláàsì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jẹ́ kí o mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ nígbà tí ọwọ́ ṣì lè tún un ṣe, kó má jẹ́ inú ìwé ìdánwò lo ti máa kà á.

Wo ẹ̀kọ́ iná mànàmáná. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló gbà pé bí iná bá ti kúrò nínú bátìrì, gílóòbù àkọ́kọ́ á jẹ lára rẹ̀, ìyókù ni yóò kan èkejì. Kọ òfin Ohm, tó sọ bí agbára bátìrì, iná tó ń ṣàn àti ìdènà rẹ̀ ṣe tan mọ́ra, sójú pátákó títí ilẹ̀ á fi ṣú, èrò yẹn ò ní kúrò, nítorí ọmọ tó ní i lọ́kàn lè há òfin náà sórí kó sì gba máàkì. Ní 2002, Carl Wieman, onímọ̀ físíìsì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001, dá iṣẹ́ kan tó ń ṣe àwòṣe sáyẹ́ǹsì orí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní PhET, sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado Boulder. Níbẹ̀, ọmọ á fi ìka to wáyà, bátìrì àti gílóòbù pọ̀ lójú fóònù, á sì máa wo bí àwọn elẹ́kítírọ́ọ̀nù, egunrín kéékèèké tó ń gbé iná, ṣe ń yí po.

Ṣùgbọ́n má kàn ní kí wọ́n lọ máa fi ṣeré o. Kọ́kọ́ bi wọ́n: gílóòbù méjì tó bára mu, tí a tò tẹ̀lé ara wọn lórí wáyà kan, èwo ló máa mọ́lẹ̀ jù? Kí kálukú kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kó kọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó tan án. Wọ́n á rí i pé ìmọ́lẹ̀ méjèèjì dọ́gba, pé bí elẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń rìn kó tó dé gílóòbù àkọ́kọ́ náà ló ṣe ń rìn lẹ́yìn èkejì. Ariwo á sọ. Jẹ́ kó sọ, inú àríyànjiyàn yẹn lẹ̀kọ́ wà. Ọmọ tí kò bá kọ nǹkan kan sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ á kàn ní òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìṣirò, Google Forms, fọ́ọ̀mù ìbéèrè orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti tó. Ìbéèrè kan péré kí kíláàsì tó tú, pẹ̀lú ìdáhùn mélòó kan tí wọ́n á ti mú ọ̀kan, àmọ́ ìdáhùn tí kò tọ̀nà ni kí o fi ọgbọ́n ṣe jù. Ká ní o ní kí wọ́n tú àkámọ́ (x + 3)², tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ x² + 6x + 9. Ẹni tó mú x² + 9 gbé 2 òkè yẹn fún x àti 3 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó mú x² + 3x + 9 mọ̀ pé nǹkan kan wà láàárín, kò rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni 3x máa yọjú. Ẹni tó mú 2x + 6 rò pé ká sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lásán ni 2 náà ń wí. Àìsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, oògùn wọn yàtọ̀. Bí ìdajì kíláàsì bá mú x² + 9, ya igun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ x + 3 fún wọn lórí GeoGebra, ètò tí wọ́n fi ń ya àwòrán ìṣirò, lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n fojú ara wọn rí ègé 3x méjì tí wọ́n fò. Má ṣe gbé orúkọ wọn sójú ògiri. Ọmọ tí kì í nawọ́ sókè á dáhùn lórí fóònù, tó bá ti dá a lójú pé ìwọ nìkan lo máa rí i.

Kahoot, eré ìdíje ìbéèrè orí fóònù, tí o béèrè ńkọ́? Àwọn ọmọ á gbádùn rẹ̀, èmi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà á. Bó ṣe sábà máa ń rí, ẹni tó yára ló ń gba máàkì jù, ọmọ tó ń fara balẹ̀ ronú á sì máa gbẹ́yìn.

Fídíò Khan Academy, ibi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dára fún ẹni tí kò wá sí kíláàsì, tàbí ẹni tó fẹ́ dá ọ̀rọ̀ dúró kó tún un gbọ́. Àmọ́ ọmọ lè wò ó tán kó rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ní 2006, Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi ohun tó jọ èyí hàn nínú ìwé kíkà: àwọn tó ka ìwé ní àkàtúnkà rántí jù lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé, tí wọ́n sì gbìyànjú láti rántí, ló borí. Nítorí náà, fi ìbéèrè tì í lẹ́yìn gbogbo fídíò, kí o tún béèrè lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Má fi àkókò ṣòfò lórí bí o ṣe máa lé ChatGPT, ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń dáhùn ìbéèrè, kúrò ní kíláàsì. Ní kó yanjú ìṣirò kan, kí o yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ, kí o sì gbé èyí tó bá ti ṣìnà fún àwọn ọmọ kí wọ́n wá ibi tó ti yà. Bó ṣe ń fi ìgboyà sọ òótọ́ náà ló ṣe ń fi sọ irọ́, ó sì yẹ kí wọ́n tètè mọ̀.

Tí dátà bá jẹ́ ìṣòro, Kolibri, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń kó ẹ̀kọ́ pa mọ́, lẹ máa lò. Kọ̀ǹpútà kan á gbé ẹ̀kọ́ náà, ti PhET àti Khan Academy pẹ̀lú, fóònù tó kù á sì so mọ́ ọn láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Nígbà tí o bá ń dáhùn, sọ fún mi iye ọmọ tó ní fóònù tirẹ̀, àti bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó lè tún kọ̀ǹpútà ṣe bó bá kú. Láti ibẹ̀ la ó ti mọ èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.